Ogójì Orúkọ Lẹ́yìn Aswani

Tí mo bá ń kọjá lọ tí mo rí ìkòkò tó dérí lórí iná, màá ṣí i wò. Ìyá mi nà mí títí nítorí ìwà yìí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, títí ó fi sú u. Ọkọ mi tó ti di olóògbé sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀ pé tí òun bá kú, kí wọ́n kan pósí òun pa dáadáa, kí n má baà ṣí i wò bóyá lóòótọ́ lòun kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìwà yìí kan náà ló sì jẹ́ kí n máa mọ ẹni tó jí pẹ́ńsù àti ẹni tó wo ìwé ẹlòmíì. Nítorí náà, nígbà tí Babáfẹ́mi pè mí pé ọ́fíìsì àwọn ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n bèèrè ọ̀rọ̀, mo ní kó má wulẹ̀ dà á láàmú, ó ti rí i.

Ọmọ kíláàsì mi ni Babáfẹ́mi, ní Pírámárì Fọ́ọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ nígbà náà ni pé tí mo bá ń pe orúkọ láàárọ̀, ó máa ń yí ohùn padà láti dáhùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo nà án nítorí rẹ̀. Ó ti di ọ̀gá báyìí ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn tó ń ṣe iná sólà, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá ìyá rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan wà lẹ́yìn ọjà Aswani tó ń to páńẹ́lì sólà. Ìjọba wò ó pé gbogbo páńẹ́lì tí à ń rà láti òkè òkun, ọmọ ẹlòmíì ló ń rí iṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ó kúkú sàn ká máa tò ó níbí, kí ọmọ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ rí nǹkan ṣe. Nítorí èyí, fún ọdún kan gbáko, ìjọba ń san ìdajì owó oṣù ẹnikẹ́ni tí ilé iṣẹ́ náà bá gbà. Tí ọdún bá pé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà nínú ìwé á gba ìwé ẹ̀rí, ilé iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ lé e mọ́. Oṣù mẹ́wàá ti kọjá. Ogójì orúkọ ló wà nínú ìwé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wá ogójì náà kàn, kí n máàkì ẹni tí mo bá rí, kí n sì fagi lé ẹni tí mi ò bá rí. Ẹni tí mo bá fagi lé, lọ́jọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ tán.

“Ẹ má dé ibi iṣẹ́ wọn o, Àǹtí,” Babáfẹ́mi kìlọ̀ fún mi. “Tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ ń bọ̀, wọ́n á kó èèyàn jọ dè yín. Ilé wọn ni kẹ́ ẹ lọ. Jímọ̀, aago méjì, ni mo fẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ yín.”

Ní àárọ̀ Túsìdeè, mo jókòó sí páálọ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgọ́ Palace pẹ̀lú ìwé náà àti báírò pupa. Mo rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé oríṣi èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ orúkọ àwọn mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, ó mọ́ tónítóní: orúkọ, orúkọ bàbá, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà káàdì ìdánimọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù, orúkọ kọ̀ọ̀kan péré: Ashraf. Diamond. Sherifdeen. Aaron. Adémidé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ dé ìsàlẹ̀. Kò sí fóònù, kò sí káàdì, àfi àdúgbò tí wọ́n ń gbé àti ipele iṣẹ́ wọn. Ká ní iṣẹ́ àṣetiléwá ni, mi ò bá ti fún apá kìíní ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, kí n sì ní kí apá kejì lọ tún tirẹ̀ kọ.

Babáfẹ́mi ti ní ẹni tó bá ní fóònù, kí n pè é, kó fi fọ́tò káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn náà ti tó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Gbogbo wọn ló gbé e, ọmọlúàbí sì ni gbogbo wọn. “Ẹ káàárọ̀, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ibi iṣẹ́ ni mo wà, páńẹ́lì là ń tò lọ́wọ́.” Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́. Àkùkọ kọ lẹ́yìn ẹni kẹfà náà. Mo ní ta ni kì í sin adìyẹ ní Èkó. Kí oòrùn tó kanrí, fọ́tò káàdì mẹ́rìnlélógún ti wọlé sórí fóònù mi, mo sì ti máàkì gbogbo wọn. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn púpọ̀, nítorí kò sí ìkòkò kankan tí mo ṣí.

Ní Wẹ́sìdeè, mo wọ bàtà tó rọ̀, mo kọrí sí Èjìgbò láti wá Ashraf. Ilé tí wọ́n júwe fún mi jẹ́ irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tú ẹ̀rọ ìránṣọ kalẹ̀, ó ń da epo sí i.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ibí ni Ashraf ń gbé?”

“Ibí ni. Kò tíì dé láti ilé-ìwé.”

“Ó ń kàwé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ni?”

Ọkùnrin náà gbójú sókè. “Iṣẹ́ wo?”

Mi ò tíì dáhùn tí ọmọ kan fi yọ ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú báàgì ilé-ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Ọkùnrin náà ní Ashraf ló dé yẹn. Ọmọ náà ò lè ju ọdún méje lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, báàgì náà gun orí rẹ̀. Mo dúró, mo wo ìwé ọwọ́ mi, mo tún wo ọmọ náà.

“Ashraf, ṣé o ń ṣiṣẹ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?”

“Mo máa ń gbá iwájú ilé. Mo dẹ̀ máa ń fọ abọ́ ní Sátidé.”

“Ṣé wọ́n ń sanwó fún ẹ?”

Ó ronú sí i dáadáa. “Wọn ò sanwó fún mi rí, mà. Ṣé ẹ máa bá mi sọ fún mọ́mì mi?”

Ọ̀nà tí mo gbà lọ sílé Sherifdeen jìn, oòrùn sì mú. Nígbà tí mo débẹ̀, Sherifdeen ń sùn lórí ẹní, ẹnu rẹ̀ kún fún bísíkíìtì. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Láti ibẹ̀, mo lọ sílé Diamond lẹ́yìn Aswani. Ìyá àgbà kan jókòó síwájú ilé, ó gbé ọmọ ọwọ́ lé itan, ó ń fi í jó.

“Ẹ kú ìjókòó, mà. Diamond ni mo ń bèèrè.”

“Diamond náà rèé,” ìyá àgbà wí, ó sì gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè kó lè kí mi. “Diamond, kí mọ́mì. Ìyá ẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀.”

Diamond rẹ́rìn-ín sí mi. Eyín mẹ́fà ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo wo iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ọ̀jáfáfá nídìí páńẹ́lì, ipele kejì.” Mo ti ń gbọ́ nípa òṣìṣẹ́ orí ìwé láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn tó ń gba owó oṣù tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí wọn rí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó ń mu ọmú. Mo bú àwọn olè náà sínú, mo bú àwọn tó bí wọn, mo yọ báírò pupa mi níbẹ̀, níwájú ìyá àgbà, mo sì fagi lé Ashraf, Sherifdeen àti Diamond.

Mo pe Babáfẹ́mi lójú ọ̀nà. Kò yà á lẹ́nu rárá.

“Àǹtí, ẹ fagi lé gbogbo mẹ́rìndínlógún. Orúkọ ọmọdé ni wọ́n kó síbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ rìn mọ́, oòrùn mú.”

Ohun tí ǹ bá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, mo ń rẹ́ ilá lọ́wọ́, ìbéèrè kan bọ́ sí mi lọ́kàn, mo sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Olè wo ló máa fi ọmọ ọwọ́ jalè? Ọmọ ọwọ́ ò ní káàdì, kò ní fóònù, ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn ilé wọn á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ jalè, orúkọ àgbàlagbà ni màá kọ. Màá wá káàdì sí i, màá wá nọ́ńbà sí i, màá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kó mọ́ tónítóní. Mi ò fẹ́ràn ibi tí ìrònú yẹn ń gbé mi lọ, nítorí mo ti máàkì mẹ́rìnlélógún.

Babáfẹ́mi ní kí n má dé ibi iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá sọ fún mi pé kí n má ṣí ìkòkò kan, òun náà ló fi ìkòkò hàn mí. Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, mo wọ inú Aswani, mo ń yà ní ìlà kan, mo ń jáde ní ìkejì, títí mo fi pàdé obìnrin kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Mo ní mò ń wá ibi tí wọ́n ti ń to páńẹ́lì. Ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó mú mi dé ẹnu géètì, ó sì pariwo sí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ.

“Bàbá Memunat, ẹ jẹ́ kí Ìyá Súnkànmí wọlé o. Èèyàn mi ni wọ́n.”

Ọkùnrin náà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó fà mí ní àga, ó ṣí ìwé àlejò, ó rọra ń kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n nà kó tó mọ̀ ọ́n kọ. Mo na ọrùn, mo wo ohun tó kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Súnkànmí.

Ọmọ mi nìyẹn. Ilé epo ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Kò wá sí Aswani lọ́jọ́ náà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” mo ní, “kí ló dé tẹ́ ẹ kọ Súnkànmí?”

“Ẹ̀yin kọ́ ni Ìyá Súnkànmí ni?”

“Èmi ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni Súnkànmí.”

“Ẹ wo bí àyè tí wọ́n yà síbẹ̀ ṣe kéré tó, mà.” Ó fi ìka hàn mí. “Tí n bá kọ ‘Ìyá’ síbẹ̀, ọmọ ò ní wọlé.”

Mo yọ ìwé tèmi nínú báàgì, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì, ‘n’ tó tẹ̀ sẹ́yìn kan náà.

“Ẹ̀yin lẹ kọ àwọn mẹ́rìndínlógún yìí?”

“Èmi ni, mà. Múrítàlá lorúkọ mi. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mánéjà gbé fóòmù fún mi, ó ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá gba ẹnu géètì wọlé. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ni mo kọ. Ìyá Ashraf. Ìyá Diamond. Bàbá Sherifdeen. Àpótí tó wà lórí fóòmù kéré, mo bá mú ọmọ, mo fi ìyá sílẹ̀.”

“Ẹ ò bèèrè orúkọ tiwọn gan-an?”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ sí ìhòhò. “Ìyá ọlọ́mọ, kí n máa bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀? Àbí ọkọ ẹ̀ ni mí?”

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbé àdúgbò mi, ta ló ń pè mí ní Olúfọlákẹ́ níbẹ̀? Tí wọ́n bá ní kí wọ́n wá Olúfọlákẹ́ wá, wọ́n á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà sì ti sọ ọ́ sí mi létí kedere lánàá pé ìyá Diamond ti lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà ni mo gbájú mọ́, mi ò bèèrè pé iṣẹ́ wo. Èmi, tí mo ń pe ara mi ní ẹni tó mọ̀ ọ́n bèèrè ọ̀rọ̀.

Múrítàlá mú mi wọlé. Gbọ̀ngàn kan ni, òrùlé rẹ̀ ga, tábìlì gígùn méjì wà níbẹ̀, àga mẹ́jọ sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù, ọkùnrin mẹ́rin wà láàárín wọn. Wọ́n ń to àwọn awẹ́ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba oòrùn sórí gíláàsì, wọ́n ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ọn, awẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Tí ọwọ́ èèyàn bá gbọ̀n, awẹ́ náà á fọ́.

Múrítàlá bá mi pe Ìyá Diamond. Hassanat lorúkọ rẹ̀, ará Ṣakí ni, ó lè jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Àpá iná kéékèèké wà lórí ìka rẹ̀. Ó ní òun ń bá èèyàn ta aṣọ ọmọdé ní Aswani tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ lòun ti gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí.

“Ọkọ mi ń tún jẹ́nẹ́rétọ̀ ṣe ní Ọ̀kọ́ta,” ó sọ fún mi. “Bí àwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ ṣe ń ra sólà, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbé jẹ́nẹ́rétọ̀ wá mọ́. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni mò ń gba oúnjẹ lẹ́nu òun, èmi náà ni mo tún ń gbé e padà wálé.”

“Àwọn mẹ́rìnlélógún tó kù ńkọ́?”

“Àwọn wo, mà?”

Mo ka orúkọ fún un: Ọláyanjú báyìí, Ọmọ́tọ́ṣọ́ báyìí. Ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó mọ wọn. Ibi tí mo ti ń ka ìwé náà ni ojú Hassanat ti bọ́ sí báírò pupa.

“Diamond lẹ fagi lé yẹn, mà?”

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé èmi nìyẹn?”

“Ìwọ ni.”

Ó gbé irin gbígbóná náà sórí ìdúró rẹ̀ kó má baà jó nǹkan. “Oṣù méjì ló kù, mà,” ó wí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú mi sí. Mo ti na ọmọ púpọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò fagi lé iṣẹ́ ẹni tó gbà á rí.

Mo jáde síta, mo pe Babáfẹ́mi, mo ròyìn gbogbo ẹ̀.

“Ó yé mi, Àǹtí. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wà nínú ìwé ni ká rí. Ṣé ẹ rí Diamond?”

“Mo rí i. Ó ní eyín mẹ́fà.”

“Ṣé Diamond ń ṣiṣẹ́?”

“Babáfẹ́mi.”

“Òfin ni, mà, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Àwọn tó ní káàdì ti pé. Àwọn tí kò ní, ẹ fagi lé wọn.”

“Ó dáa,” mo ní. “Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ìwé wá sí Ìkẹjà lọ́la. Ìwọ ni kó o wá gbà á lọ́wọ́ mi níbí, aago méjì. Ìgbà wo ni mo gbà kí ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi dáhùn fún ẹni tí kò wá?”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun á wá.

Ó wá lóòótọ́ ní Jímọ̀, pẹ̀lú táì lọ́rùn, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Mánéjà ilé iṣẹ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Adéjùmọ̀, ti gbọ́, ó sáré wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù. Mo ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ dìde dúró. Mo dúró síwájú wọn bí mo ṣe máa ń dúró láàárọ̀, mo sì fi ohùn kíláàsì pe orúkọ àkọ́kọ́ nínú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀.

“Ọláyanjú Tẹjúmọ́lá.”

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

“Wọ́n wà ní sáìtì, mà,” Adéjùmọ̀ wí. “Àwọn tó ń lọ gun òrùlé nìyẹn.”

Mo pe ìkejì. Mo pe ìkẹta. Mo pe gbogbo mẹ́rìnlélógún, mi ò fo ọ̀kan, lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan mo sì dúró díẹ̀ bí mo ṣe máa ń dúró de ọmọ tó bá ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo parí, mo gbé fóònù mi fún Babáfẹ́mi, mo ní kó pe ẹni àkọ́kọ́, kó jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ.

“Ẹ káàsán, sà,” ohùn náà wí, ọmọlúàbí bíi ti ọjọ́sí. “Bẹ́ẹ̀ ni, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Páńẹ́lì là ń tò lọ́wọ́.” Àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó pe ẹni kẹfà. Nọ́ńbà míì ni, orúkọ míì ni, àkùkọ náà tún kọ. Ìyá Ashraf ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Babáfẹ́mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo fóònù náà bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti Pírámárì Fọ́ọ̀.

“Ó kù díẹ̀,” mo ní, mo sì padà sórí ìwé mi. “Diamond.”

“Èmi rèé, mà,” Hassanat dáhùn.

“Ashraf.”

“Mo wà níbí, mà.”

“Sherifdeen.”

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ní ìdí tábìlì kejì na ọwọ́ sókè. Mo pe mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìndínlógún dáhùn, olúkúlùkù ní orúkọ ọmọ rẹ̀. Adéjùmọ̀ ti gbé omi tútù náà sílẹ̀. Ó wá yé mi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an: ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ìwé àwọn tí kò sí ṣe, ó sì fi ti àwọn tó wà sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì, nítorí kò rò pé ẹni tó wà nílò ìwé.

Babáfẹ́mi jókòó sórí àga Múrítàlá lẹ́nu géètì, ó bọ́ táì rẹ̀. Ó ní fóòmù ò gba àtúnṣe orúkọ, àmọ́ òun lè kọ lẹ́tà tó máa bá a lọ. Ó fagi lé mẹ́rìnlélógún. Èmi ni mo ń bá a bèèrè orúkọ lọ́wọ́ àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Ìyá Aaron ní Abọ́sẹ̀dé lòun ń jẹ́, ẹni tó ti ń jókòó tì í láti oṣù mẹ́wàá ní, “Hẹn? Abọ́sẹ̀dé?” ojú sì ti àwọn méjèèjì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Múrítàlá yẹra sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọ̀ láti gbọ́.

Àwọn mẹ́rìndínlógún náà ò kúrò níbẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ní kí Adéjùmọ̀ dá owó mẹ́rìnlélógún padà, mi ò sì tíì rí ẹni tó lè sọ fún mi bóyá ó dá a. Èmi náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tán, wọn ò pè mí mọ́. Ó ń dùn mí díẹ̀. Ìjọba sanwó fún ogójì iṣẹ́, mẹ́rìndínlógún ló dé Aswani. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí níbo ni àwọn yòókù lọ, ohun tí mo mọ̀ ni pé àkùkọ kan wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ní ọjọ́ Sátidé kan, Hassanat wá kí mi nílé, ó pọn ọmọ rẹ̀ wá. Ìwé ẹ̀rí ti dé, ilé iṣẹ́ ti fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè lé e mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fi ẹ̀rín sẹ́nu nígbà tó ń fa ìwé ẹ̀rí náà yọ nínú ọ̀rá.

“Ẹ bá mi wò ó, mà.”

Ìwé tó nípọn ni, òdòdó wúrà yí etí rẹ̀ ká. Ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó dájú pé ìwé àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀. Wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ pé a jẹ́rìí pé ẹni yìí ti fi ọdún kan kọ́ iṣẹ́ páńẹ́lì ní àkọ́yege, lẹ́yìn náà ni àyè fífẹ̀ kan, àti orúkọ náà láàárín rẹ̀: Diamond.

Inú bí mi. Mo dìde láti wá fóònù mi, mo ní Babáfẹ́mi á gbọ́ ohun tí etí ẹ̀ ò gbọ́ rí.

“Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, mà,” Hassanat wí. “Wọ́n ní tí n bá dá a padà, ó tún di oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ náà dẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi.”

Mo tún jókòó. Diamond ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ tábìlì mi mú, ó sì ń na ọwọ́ sí báírò. Mo ṣáájú rẹ̀ mú un. Mo wo ìwé náà dáadáa. Níwájú orúkọ ọmọ náà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ tó gba nǹkan. Mo gbé báírò lé e, mo sì fi ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé sójú pátákó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ “Ìyá” síbẹ̀, ó sì wọlé dáadáa.